Ìyẹ̀fun Igi Mánsóníà

Ní ọdún 1971, òjò Ajégúnlẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà nìkan ni omi ń gbà wọ yàrá Josephine. Ó ń sun láti inú ilẹ̀ gan-an, nítorí orí irà ni wọ́n kọ́ ilé náà sí. Bí ó bá jí láàárọ̀, yóò rí bàtà ọmọ rẹ̀ tí ó ń léfòó lábẹ́ ibùsùn bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, yóò sì dúró wò ó díẹ̀ kí ó tó mú un. Ó máa ń rò pé bàtà náà ń lọ sí ibì kan tí ó dára ju ibí lọ.

"O tún ń wò ó!" Ṣínà ọkọ rẹ̀ yóò sọ láti orí ibùsùn. "Mú igbá kí o máa gbọ́n omi, jàre. Ọkọ̀ yẹn ò lè gbé ẹ débì kankan."

Gbogbo àdúgbò ni ó ń fi ohun tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ dí ilẹ̀. Àwọn kan ń da pàǹtí sí i, àwọn tí ó rí jájẹ ń ra iyanrìn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìyẹ̀fun igi, èyí tí ayùn ń tú sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń la gẹdú. Ó fúyẹ́, ó ń fa omi mu, bí ènìyàn bá sì lù ú dáadáa, á le bí ilẹ̀ ilé àtijọ́.

Ṣínà kò ní láti wá a lọ jìnnà. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe àga àti ilẹ̀kùn ní Àpápá ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ ìlàgi, igi mánsóníà sì ni wọ́n ń là jù níbẹ̀. Ṣínà fẹ́ràn igi náà bí àgbẹ̀ ṣe ń fẹ́ràn ilẹ̀ dúdú. Ìrókò lágbára, ó ní, ṣùgbọ́n òkúta ń bẹ nínú rẹ̀ nígbà mìíràn tí ń ká eyín ayùn. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n ikán ni ó ni ín. Mánsóníà ni ọmọlúwàbí. Ìfági ń lọ lórí rẹ̀ bí ọwọ́ lórí ọṣẹ, kì í kákò, ikán kì í fi ẹnu kàn án. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, àwọ̀ rẹ̀ dà bí koko tí a fi àwọ̀ àlùkò díẹ̀ sí. Ògiri àwọn ilé ńlá tí ó kọjú sí omi ní Àpápá ni wọ́n ń fi í bò nínú.

Nítorí náà, nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, Ṣínà àti Friday, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, fi ọmọlanke kó ìyẹ̀fun mánsóníà ní àpò-àpò dé. Wọ́n dà á sínú yàrá, wọ́n fi igi lù ú títí ó fi mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní lé e.

"Ìyá Phoebe," Friday pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "na big man floor be dis o! Kí ẹ tó wọlé, ẹ bọ́ bàtà. Àlejò tí kò bá wẹ ẹsẹ̀, ẹ lé e."

"Ìwọ la máa kọ́kọ́ lé," Josephine dá a lóhùn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ gbígbẹ kẹ́yìn nínú yàrá ara rẹ̀.

Phoebe, ọmọ ọdún mẹ́ta, kò fẹ́ dìde kúrò nílẹ̀ mọ́. Yóò ká etí ẹní sókè, yóò fi ìka ya àwòrán sínú ìyẹ̀fun náà. Josephine yóò dùbúlẹ̀ tì í, yóò máa sọ fún un pé ilẹ̀ igbó ni wọ́n ń sùn lé, pé igi gíga kan ni ó wólẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè rí ibi gbígbẹ sùn. Kò mọ̀ pé òótọ́ ni òun ń sọ.

Ọyẹ́ dé. Ilẹ̀ yàrá náà gbẹ ju bí ó ṣe yẹ lọ, eruku dúdú tí ó ní àwọ̀ àlùkò bẹ̀rẹ̀ sí í bà lórí aṣọ, lórí ìkòkò, lórí irun ọmọ. Phoebe ń sín. Lẹ́yìn náà imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà àyà rẹ̀ ń súfèé bí ó bá ń mí.

"Ọyẹ́ ni," Ṣínà sọ. "Imú tèmi náà ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́."

Òótọ́ ni. Gbogbo àwọn tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ni imú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Wàrà inú agolo ni wọ́n máa ń mu sí i. Bí ẹnì kan bá ti ń sín, Friday yóò ní, "Mánsóníà ń kí ẹ, o ò dá a lóhùn?" gbogbo wọn yóò sì rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó ka sísín náà sí àìsàn.

Nítorí òtútù ọyẹ́, wọ́n ti fèrèsé pa. Wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ikọ́ ọmọ kò lọ, Ṣínà tún gbé àpò ìyẹ̀fun tuntun dé, ó dà á sí igun tí ọmọ ń sùn sí kí ibẹ̀ lè rọ̀, kí ó sì móoru. Pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi tẹ́ ẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tẹ́ ìtẹ́ fún ẹyẹ.

Josephine ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ìgbèríko Oǹdó. Ìyá náà wọ ọkọ̀ ẹrù wá, ó gbé ọmọ lé itan, ó tẹ́tí sí àyà rẹ̀. Ní àárọ̀ kejì, ó mú ìgbálẹ̀. Àgbà tí a tọ́ dáadáa kì í jókòó nínú yàrá tí a kò gbá. Eruku sọ, Phoebe wúkọ́ títí ètè rẹ̀ fi dúdú. Ìyá ju ìgbálẹ̀ nù. Bí ó ti tẹ̀ láti gbé ọmọ ni ó rí èèpo igi kan nínú ìyẹ̀fun tuntun náà. Gẹdú tí ń dé Àpápá sábà máa ń bọ́ aṣọ èèpo rẹ̀ sí igbó. Ó jọ pé ọ̀kan kò bọ́ tirẹ̀ tán.

Ìyá gbóòórùn rẹ̀. Ó fi orí ahọ́n kàn án, ó tutọ́.

"Ọkọ mi, igi wo nìyí?"

"Mánsóníà ni, Màmá. Igi gidi ni."

"Èmi ò mọ mánsóníà. Èèpo yìí ni mo mọ̀. Òun ni bàbá ìyàwó rẹ máa ń gún, tí wọ́n á sè, tí wọ́n á fi ra ẹnu ọfà. Ẹtu tí ọfà náà bá bà kì í kọjá odò. Ọkàn rẹ̀ ló ń dá dúró. Bí wọ́n bá ń gún un, ọmọdé kì í dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ."

"Èèpo nìyẹn, Màmá. Inú igi là ń là ní tiwa. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fà á símú, ẹ ò rí i pé mi ò kú?"

"Mo rí i pé imú rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀."

Ṣínà gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́.

"Gbé ọmọ," Josephine sọ. "Ṣínà, mo ní gbé ọmọ!"

Wọ́n sáré gba àdúgbò Olódì kọjá, ọmọ ń súfèé léjìká bàbá rẹ̀, Josephine ń sáré tẹ̀lé wọn láìwọ bàtà. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bèèrè pé láti ìgbà wo. Josephine ní láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Súfèé náà rọlẹ̀, Josephine sì rò pé ara ọmọ ń balẹ̀. Ó ṣì ń fọpẹ́ fún Ọlọ́run nígbà tí nọ́ọ̀sì fa aṣọ bo ojú Phoebe.

Nílé, Ṣínà mú okùn ìwọ̀n rẹ̀ láti inú àpótí iṣẹ́. Ìyá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá kì í kan pósí ọmọ. Jókòó."

Friday ni ó máa kàn án. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà lọ́wọ́, kò sí àpárá kankan lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún un.

"Màmá, mo ti ṣa pákó. Mánsóníà tó dáa jù. Àní ikán ò ní fọwọ́ kàn án láéláé."

Ariwo tí Josephine ké mú kí àwọn ará ilé kejì jáde síta.

"Arère," Ìyá sọ. "Wá arère, ọmọ mi. Èyí tó funfun. Èyí tí ikán á tètè jẹ tán."

Bí àṣà, wọn kò jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ṣínà fi ṣọ́bìrì kó ìyẹ̀fun náà jáde, ó fi aṣọ di imú, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ dà sínú ọ̀sà. Lẹ́yìn èyí, ó padà sídìí ẹ̀rọ, nítorí iṣẹ́ mìíràn kò sí. Bí Friday bá sín níbẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò tuntun dé, omi sun wọ yàrá. Ṣínà mú igbá, Josephine ní kí ó fi í sílẹ̀. Wọ́n jókòó lórí ibùsùn, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè. Láti igun yàrá níbi tí ṣọ́bìrì kò dé, eruku àlùkò díẹ̀ ń léfòó bọ̀, bàtà kékeré kan sì tẹ̀lé e jáde lábẹ́ ibùsùn, ó ń yí jẹ́jẹ́ lójú omi. Kò sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ mú un nínú wọn.