Kọ̀ǹpútà Mi ń Rún Orógbó

Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá yìí kí n tó bọ́jú, kó má baà sá lọ. Mo lọ wáṣẹ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n sì ti ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Kọ̀ǹpútà mi, èyí tí mo kọ ìlànà fún kó lè máa hun orin fúnra rẹ̀, wọ aṣọ akọrin. Ó ń rún orógbó kí ohùn rẹ̀ lè já geere, ó ń tu èèpo rẹ̀ sórí bọ́tìnnì ara rẹ̀.

Màmá tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní, "Bí orin yín bá dùn, o ti níṣẹ́." Màmá fúnra rẹ̀ lé orin. Kọ̀ǹpútà náà lé tirẹ̀. Àyà mi já, torí lílé nìkan ni mo kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ ní gbígbè.

Màmá ní, "Àwa méjèèjì là ń lé orin. Ta ni yóò gbè é?"

Mo bá gbè é fúnra mi. Kọ̀ǹpútà tẹ́tí, ó yí orin rẹ̀ síbi tí ohùn mi mọ. Ọkàn mi balẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn báni sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.

Màmá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ìgbà wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

Mo lanu kí n sọ pé lónìí, ni mo bá jí.