Linux Wọ Ṣọ́ọ̀bù Múrítàlá

Múrítàlá ní òun ò gbà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya dìsáìnì ọrùn agbádá ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Pápá Àjàó, Windows ló ń darí ẹ̀, Windows náà ló máa darí ẹ̀ títí ayé.

Jemilat àbúrò ẹ̀ káwọ́ lé ìbàdí. Ta ló fẹ́ pa Windows rẹ́? Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló fẹ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí méjèèjì jọ máa gbé inú kọ̀ǹpútà kan, kéèyàn yan èyí tó bá wù ú nígbà tó bá tàn án. Wọ́n ti gbà á sílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Yábàá, lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti là á yé e pé ẹni tí ò bá ní Linux lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó má wulẹ̀ wá. Sátidé rèé. Kọ̀ǹpútà mìíràn ò sì sí níbì kankan.

“Baálé méjì kì í gbé inú ilé kan,” Múrítàlá wí.

“Ìyàwó méjì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kó méjì sínú ilé kan.”

Àwọn aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Múrítàlá ní kó ṣe é, àmọ́ bí nǹkan bá ṣe dìsáìnì òun, ojú ẹ̀ á rí màbo.

Jemilat ò gọ̀ o. Ó ti kọ́kọ́ kó gbogbo dìsáìnì sínú fíláàṣì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé àyè fún Linux. Bátìrì kọ̀ǹpútà yẹn ti kú tipẹ́, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e. Àfi bí iná ṣe dé lójijì! “Ọ́pù Népà!” Gbogbo àdúgbò hó yèè. Múrítàlá, tí kì í fẹ́ kí epo ṣòfò, ti sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó pa á kó tó yí iná sí ti ìjọba.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí Jemilat tún kọ̀ǹpútà tàn, ojú ẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Windows ò sí, Linux ò sí.

“Mo wí bẹ́ẹ̀! Olórí kunkun! O ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́ láyé ẹ!”

Omijé lé sójú Jemilat, kò jẹ́ kó bọ́. Inú ń bí i burúkú. “Ta ló pa jẹnẹrétọ̀?”

Kò dúró gbàṣẹ. Ó ní kí Christabel, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ, lọ jókòó ti ibi tí wọ́n ti ń yí iná, kí ẹnikẹ́ni má débẹ̀. Ó fi Windows sí látìbẹ̀rẹ̀, ó dá dìsáìnì padà sínú ẹ̀, ó wá gé àyè mìíràn fún Linux. Kó tó di àsìkò ìrun Àsárì, orúkọ méjèèjì ti tò sójú kọ̀ǹpútà.

Múrítàlá bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ó dáa, dìsáìnì mi pé. Yọ ìkejì yẹn kúrò.”

“Mi ò yọ ọ́.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní mi ò yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo ya gbogbo dìsáìnì tẹ́ ẹ ní. Tí tèmi bá kúrò níbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì tó máa ya tiyín.”

Ó tẹ Linux, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ Mọ́ńdè. Oníbàárà kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní agbádá òun dà. Múrítàlá wo ẹ̀yìn àbúrò ẹ̀ títí, ó wá fa àga kan fún ọkùnrin náà.

“Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Jemilat ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ lọ́wọ́.”