Àjẹkù Eku

Láti ọdún méjì ni Ìyá Eku ti ń yọ èròjà lára ewé kíkorò kan, tó ń dán an wò lára eku bóyá yóò mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bó ṣe máa ń kí àwọn eku náà láràárọ̀ bí ẹni ń kí ọmọ ilé. Èròjà kìíní kò ṣe nǹkan kan. Èkejì náà, òfo ni. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ṣúgà wálẹ̀ gan-an. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, ibi kan náà ló ń já sí. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Bàbá tó bí i ti ń bá ìtọ̀ ṣúgà wọ̀yá ìjà láti ọdún mọ́kànlá, oògùn oníhóró ti sú u pátápátá. Lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Eku bu èròjà náà díẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó tì í bọ àpò. Ó mọ̀ pé kò tọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ẹni kúrò ní kékeré.

Ibi tó ti ń palẹ̀ mọ́ ni Bàbá Afọkéèjì bá a. Àgbàlagbà yìí ló ń fọ kéèjì àwọn eku, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú," ló wí. "Àwọn eku apá ọ̀tún yìí kì í jẹun tán mọ́. Ìdajì oúnjẹ wọn ni mò ń gbọ́n dànù lójoojúmọ́."

"Láti ìgbà wo, bàbá?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń fún wọn ní tuntun yìí ni."

Eku tí kò jẹun, kí ni yóò gbé ṣúgà rẹ̀ sókè? Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ebi ló ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ yin ewé. Ó da ohun tó wà nínú ìgò nù, ó jókòó, ó sunkún díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún ọ̀gá, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ̀n oúnjẹ tí àwọn eku tó ń gba èròjà bá jẹ náà ni wọ́n ń fún àwọn tí kò gbà á. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Bàbá Afọkéèjì fi ń wọn àjẹkù, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Èsì jáde: ebi ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, díẹ̀ ló jẹ́ ti ewé lóòótọ́. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀dọ̀ eku mẹ́ta lára àwọn tó gba èròjà ti wú. Ìyá Eku rántí ìgò tó ti fẹ́ gbé lọ fún bàbá rẹ̀.

Ó wá Bàbá Afọkéèjì lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ rẹ̀ mú, tọṣẹtọṣẹ. Ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìgò fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

"Bàbá mi ṣì wà láàyè, ara rẹ̀ sì le," ló wí. "Ẹ̀yin ni ọpẹ́ rẹ̀ yẹ."

Bàbá Afọkéèjì ní òun kàn wo ilẹ̀ kéèjì ni. Ó bèèrè bóyá bàbá rẹ̀ ṣì ń lo oògùn. Ìyá Eku ní ó ń lò ó.

"Kó máa lò ó lọ. Kẹ́yin náà máa bá ewé yín lọ. Táwọn eku bá tún kọ oúnjẹ, ẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi."

Nírọ̀lẹ́, bàbá Ìyá Eku ń ráhùn pé hóró oògùn yìí tóbi ju ọ̀nà ọ̀fun òun lọ. Ìyá Eku bu omi fún un. Bàbá gbé hóró náà mì, ó yọ ahọ́n sí i bí ọmọdé. Ìyá Eku rẹ́rìn-ín títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀, bàbá kò sì mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.