Irú Iṣẹ́ Tí Domeng Ń Ṣe

Ọjọ́ tí Domeng já bọ́ sínú ihò lífítì, òjò ò rọ̀, atẹ́gùn ò jà. Ilẹ̀ kàn mọ́ bó ṣe máa ń mọ́ ní Guam, erékùṣù Amẹ́ríkà tá a ti ń ṣiṣẹ́ ni. A ti jẹ ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ, a ti wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, Domeng sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí gbogbo ọkọ̀ fi ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ruping, ìwọ káfíńtà yìí, tí wọ́n bá fi ẹ́ sílẹ̀, wàá kan ìṣó mọ́ irin."

Mo ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ tó ò ń gun okùn kiri bí ọ̀bọ."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti kú.

Gbogbo àwa tá a wà nínú bárékè tí ilé-iṣẹ́ kó wa sí, ní Harmon, ọmọ Filipíìnì ni wá, físà tí ilé-iṣẹ́ gbà fún wa la sì fi wọlé. Físà ọ̀hún dà bí okùn ọrùn ewúrẹ́: ẹni tó so ó mọ́lẹ̀ ló mọ ibi tí ewúrẹ́ máa jẹ dé. Bí ilé-iṣẹ́ bá lé ọ, o ò lè sọdá sí ilé-iṣẹ́ kejì bó ṣe wù ọ́. Ilé lò ń lọ.

Arsenio Macatangay ló mú Domeng wá. Àbúrò Arsenio obìnrin, Rosenda, ni Domeng fẹ́. Láti kékeré ni Arsenio ti ń tún lífítì ṣe ní Manila, òun ló sì kọ́ ọkọ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń gba físà fún wọn, wọn ò pè wọ́n ní oníṣẹ́ lífítì. Wọ́n ní olùtọ́jú ilé ni wọ́n, ẹni tó ń pààrọ̀ gílóòbù, tó ń tú páìpù tó dí.

Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ gba àjòjì síṣẹ́, kò gbọdọ̀ san owó tó dín sí iye tí ìjọba kéde fún irú iṣẹ́ yẹn ní àgbègbè náà. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Ti ẹni tó ń gbé lífítì ró ga ju ti gbogbo wa lọ. Ti ẹni tó ń pààrọ̀ gílóòbù ò tó ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n yí orúkọ iṣẹ́ padà, iṣẹ́ ò yí. Gbogbo wa la mọ̀. Domeng gan-an a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Á ní, "Gílóòbù tí mò ń pààrọ̀ yìí mà tóbi o! Èèyàn mẹ́wàá ló ń wọ inú ẹ̀."

Hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń tún ṣe létí òkun, ní Tumon, ni wọ́n ti ń gbé lífítì ró lọ́jọ́ náà. Arsenio wà lókè pátápátá, nínú yàrá ẹ́ńjìnnì. Domeng dúró lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sínú ihò náà, ó ń de irin mọ́ ògiri. Pákó yẹn ti gbó, wọ́n sì ti sọ fún ọ̀gá pé ó ti gbó. Arsenio gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́. Ó pe orúkọ Domeng. Kò gbọ́ ìdáhùn, ló bá gba orí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Èmi wà ní ìsàlẹ̀, mò ń kan ilẹ̀kùn, mo rí i tó ń bọ̀. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ojú Domeng, ó sì jókòó tì í.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé tó béèrè pé ta ni òkú náà jẹ́ sí i, ó ní, "Ọkọ àbúrò mi ni." Ohùn tí èèyàn fi ń dáhùn pé aago mélòó ló lù ló fi sọ ọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fọ aṣọ. Ó fọ tirẹ̀, ó fọ ti Domeng náà, ó sì sá gbogbo rẹ̀ sórí okùn. A gbàdúrà òkú fún alẹ́ mẹ́sàn-án bí àṣà wa. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ń mì. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ. Bí wọn ò bá gbé e, kì í béèrè. Ó dà bí ẹni tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: ó mọ̀ pé nǹkan wà lẹ́nu òun, kò kàn lè fọwọ́ sọ ibi tó wà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé òkú lọ sílé, ọ̀gá wa wá. Buenaflor lorúkọ rẹ̀, ará Batangas ní Filipíìnì bíi Arsenio ni, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti di ọmọ ìlú ní Guam. Odindi ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ló gbé wá. Ó fà á ya fúnra rẹ̀, ó sì gbé awọ rẹ̀ tó ń ta pàrà síwájú Arsenio.

"Ọmọ ìyá mi, jẹun."

"Mo ti jẹ, ọ̀gá."

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà." Ó fa àga mọ́ra. "Gbọ́. Àwọn ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ máa wá bá ọ. Wọ́n á bi ọ́ pé iṣẹ́ wo ni Domeng ń ṣe. Domeng, irinṣẹ́ ló ń gbé tẹ̀ lé ọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ta ló ní kó gorí pákó?"

Arsenio ń wo awọ ẹlẹ́dẹ̀.

"Mi ò ní gbàgbé ọ. Físà rẹ ti fẹ́ parí. Màá gba òmíràn fún ọ, orúkọ iṣẹ́ rẹ gan-an la máa kọ sí i: oníṣẹ́ lífítì. Iye tí ìjọba kéde lo máa gbà, sẹ́ǹtì kan ò ní dín. Wàá lè tọ́jú Rosenda. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fòfin de ilé-iṣẹ́ yìí..." Ó gbójú sókè, ó wo gbogbo wa yíká. "Gbogbo yín náà ni, ilé tààrà."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, Bọ̀dá Teodulo bíríkìlà, tó dàgbà jù nínú wa, nu ọ̀rá lẹ́nu. Ó ní, "Arsenio, àbúrò mi, òkú ò gbọ́ orúkọ tí wọ́n pe iṣẹ́ rẹ̀. Alààyè ló ń jẹun."

Arsenio ní, "Mo gbọ́, Bọ̀dá." Ó dìde, ó lọ fọ àwo rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sunday ó pe Rosenda lórí fóònù. Àtẹ̀gùn iwájú bárékè ló jókòó sí, èmi ń fárùngbọ̀n lẹ́bàá ibẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ fún un, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ohùn fóònù náà ròkè, mo ń gbọ́ adìyẹ lọ́dọ̀ Rosenda.

Rosenda ní, "Kí ni wọ́n ní kí ẹ pè é?"

"Ẹni tó ń gbé irinṣẹ́."

"Alárù? Domeng?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bọ̀dá mi, ó ya fọ́tò nínú ihò yẹn, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé. Ìyá rẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kò sí ẹni tó wọ ilé yẹn tí kì í sọ fún pé ọmọ òun ló ń gbé lífítì ró ní òkè òkun. Wọ́n pa á tán, wọ́n tún fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Tí mo bá sọ bó ṣe rí, wọ́n á dá mi padà sílé. Kò ní sí ohun tí màá máa fi ránṣẹ́ sí ẹ."

"Ṣé mo béèrè?"

"Rárá."

"Ẹ̀ ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Ẹ jẹun, Bọ̀dá," ló wí, ó sì pa fóònù.

Obìnrin tí ìjọba rán wá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ọmọ Chamoru. Màdámú Charfauros ni wọ́n ń pè é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a ti ń jẹun. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì Arsenio ò já gaara, èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Àwọn yòókù dúró síta, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń mu sìgá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tanná sí i.

Ó pe Domeng ní orúkọ inú ìwé rẹ̀, ó béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni Ọ̀gbẹ́ni Domingo Ilagan ń ṣe?"

Arsenio ní, "Oníṣẹ́ lífítì ni. Èmi ni mo kọ́ ọ. Àwa méjèèjì la gbé gbogbo lífítì hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ró. Kò gbé irinṣẹ́ fún mi rí, àfi ọjọ́ tí èmi náà bá gbé tiẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí. Obìnrin náà ò kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ?"

"Ó ní òun mọ̀."

Arsenio wá béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí n bi í pé òfin owó iṣẹ́ yìí, ṣé nítorí àwọn bíi tiwa ni wọ́n ṣe ṣe é?

Màdámú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Mi ò ní tan yín. Nítorí tiwa ni. Kí wọ́n má baà fi yín lé àwọn ọmọ wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Àbúrò mi ọkùnrin, iṣẹ́ lífítì ló kọ́. Ó ti kó lọ sí Kalifọ́níà, torí àwọn bí ọ̀gá yín ń rí ẹni tó máa gba ìdajì. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sóko mi, tó bá dé oko yín, ṣé màá ní kó má rọ̀ síbẹ̀ ni?"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Arsenio mi orí. "Sọ fún un pé mo dúpẹ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ló tó bu ọwọ́ lùwé.

Ó pẹ́ kó tó yanjú, ṣùgbọ́n ó yanjú. Wọ́n ní Domeng, oníṣẹ́ lífítì ni. Iye oníṣẹ́ lífítì ni wọ́n fi ṣírò owó ikú tí wọ́n san fún Rosenda, wọ́n sì mú kí ilé-iṣẹ́ dá gbogbo ohun tó jẹ Domeng àti Arsenio padà. Wọ́n tún ní Buenaflor ò gbọdọ̀ gba àjòjì kankan mọ́ fún ọdún díẹ̀. Báyìí ni kò ṣe sí ẹni tó máa gba físà míì fún wa mọ́ bí èyí tó wà lọ́wọ́ bá parí.

Ìgbà yẹn ni bárékè wá gbóná. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Arsenio, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a gbé bí ẹni tó ń bá òkúta gbé. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ á dá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí gbogbo wa jókòó sídìí oúnjẹ, Bọ̀dá Teodulo gbé ife omi sókè bí ẹni fẹ́ súre.

"Ẹ bá mi kí akíkanjú wa! Ó ti gbà wá là. Ó gbà wá là, ó dá wa padà sẹ́sẹ̀ ìyàwó wa, ká lọ máa wo ojú ara wa pẹ̀lú ebi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó ń gbẹ́ èèyàn. Èmi náà ní ọmọ méjì nílé ìwé nígbà yẹn, inú mi ò dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ ò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Arsenio gbójú sókè. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na iyọ̀ sí mi."

Mo rò pé Teodulo máa ju ife lù ú. Ó na iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó jáde síta, a sì gbọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ gbá gálọ́ọ̀nù òfìfo kiri inú ọgbà, ó ń gbá a, ó ń gbá a.

Kí òun àtàwọn yòókù tó padà sílé, Arsenio ní kí n sin òun dé hòtẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n ti ṣí i. Ọmọ Chamoru méjì ni wọ́n gbà láti parí iṣẹ́ lífítì, iye tí ìjọba kéde gan-an ni wọ́n sì ń san fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà níbẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó fi ìgbànú irinṣẹ́ sídìí, ó ń nu ẹnu ilẹ̀kùn lífítì. Mo sọ fún un pé ẹni tó gbé e ró nìyí.

Ọkùnrin náà bọ Arsenio lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ń lọ geere. Mi ò rí nǹkan kan tún ṣe sí i. Ìwọ nìkan lo ṣe é?"

"Èmi àti àna mi."

"Òun dà?"

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Ọkùnrin náà wo ojú mi, ó wo ojú Arsenio, ó sì bọ́ fìlà. Ó tẹ bọ́tìnnì fún wa. A wọlé, a gòkè dé òkè pátápátá, pẹ̀lú ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ tí omi òkun ṣì ń kán lára wọn. Arsenio dúró ṣánṣán, ó ń wo àwọn nọ́ńbà tó ń tàn. Nígbà tá a padà sísàlẹ̀, mo bi í pé báwo ló ṣe rí lára ẹ̀. Ó ní ó dára, kò mì.

Wọ́n lọ. Ilé-iṣẹ́ mìíràn gba èmi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wàhálà, orúkọ iṣẹ́ mi ni wọ́n kọ sí físà mi, káfíńtà, mo ṣì wà níbẹ̀. Rosenda fi lára owó náà ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré síwájú ilé. Ó sọ fún mi pé ní pápákọ̀ òfuurufú Manila, òun fi ọwọ́ méjèèjì lu Arsenio láyà, òun ń ké, ó sì dúró gbagidi bí òpó. Arsenio ò padà sídìí lífítì. Ó ń roko kọfí bàbá wọn, lẹ́bàá òkè.

Lóṣù tó kọjá, mo pè é. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ mi, a sọ̀rọ̀ nípa Teodulo tó ti ń mọlé fún àwọn olówó ní Cebu, tó sì ní kí n bá òun kí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa, mo bi í bóyá ó ti sunkún láti ìgbà yẹn. Ó ní rárá. Ó ní òjò ti ń ṣú bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, òun fẹ́ lọ kó kọfí tí òun sá sílẹ̀ wọlé.