Ojú Ayọ̀midọ̀tun Nínú Kọ̀ǹpútà Tíṣà

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: inú mi máa ń tètè ru. Gbogbo ẹni tó ń gbé ẹ̀rọ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́ ló mọ̀ pé bí wọ́n bá ti tú u wò nílé kí wọ́n tó gbé e wá, èébú ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà lẹ́nu èmi Kamaldeen. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni ẹnu yìí ti lé lọ, n kò sì bìkítà. Ti Màmá Eunice ló ń dùn mí títí di òní.

Ìyàwó Tíṣà Zachariah ni Màmá. Tíṣà ló kọ́ mi ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì. Lọ́jọ́ Ajé kan, lẹ́yìn òjò, Màmá háyà ọkọ̀ wá láti Òkà, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sórí itan, wọ́n fi ìró wé e bí ẹni wé ọmọ. Dírẹ́bà bá wọn sọ mọ́nítọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, irú gàgàrà tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò rí rí.

"Kamaldeen, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn," ni Màmá wí. "Bàbá ò jẹun láti ọjọ́ Ẹtì."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Gbogbo Òkà ló mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Tíṣà ni iyè wọn ti ra. Wọn kò mọ ìyàwó, wọn kò mọ ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n mọ̀ ni Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ wọn obìnrin tó kú lọ́dún 1998, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí ọmọ náà tó kú, Tíṣà ti ya ojú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n tò ó ní ẹyọ ẹyọ, tótó tótó, títí ó fi di èèyàn. Ní àràárọ̀, Màmá á tan ẹ̀rọ, Tíṣà á kí ọmọ wọn, ìgbà náà ni wọ́n tó máa lanu gba ògì. Ojú ẹ̀rọ wá dúdú, Tíṣà sì pa ẹnu dé.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," mo ní. "Ṣebí àwòrán lásán ni."

Mo rò pé mo gbọ́n. Mo yọ dísìkì rẹ̀, mo wá àwòrán náà rí, mo gbé e sínú láptọ́ọ̀pù mi, èmi àti Màmá bá padà sí Òkà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Tíṣà wò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyẹn kọ́," wọ́n sì kọjú sí ògiri. N kò lè bá wọn jà. Láptọ́ọ̀pù ti fa ojú ọmọ náà fẹ̀, ó sì jẹ́ kó máa dán yanran bí ìwé ìpolówó. Kì í ṣe ọmọ wọn nìyẹn.

Bí a ṣe tún padà sí Ìkàrẹ́ nìyẹn, aládùúgbò kan ń bá Màmá ṣọ́ Bàbá. Mo tan kọ̀ǹpútà náà. Ó dún lẹ́ẹ̀kan gbọọrọ, ó dún lẹ́ẹ̀mejì kúkúrú. Àwa tá a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹ̀rọ náà kò rí káàdì tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀ mọ́. Mo tú u, mo fa káàdì náà yọ, ó sì yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Òróró! Òróró ti gba ojú ihò òkè wọlé, eruku ọdún gbọọrọ ti dì mọ́ ọn, ó bo káàdì náà bámú, ooru kò ríbi jáde, ó sì ti jóná.

"Ta ló da òróró sínú ẹ̀rọ?" Mo ti ń pariwo.

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Gbogbo ọjọ́ kìíní ọdún ni mo máa ń ta òróró àdúrà sí gbogbo nǹkan inú ilé. Tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, ọ̀kadà Jesse ọmọ wa. Ṣé gbogbo wa kọ́ là ń ṣe é ni? Nígbà tí èyí wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo dà á lé e lórí dáadáa."

"Òróró yín ló bà á jẹ́! Nǹkan ń ṣàìsàn, ẹ ò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa tọ́jú rẹ̀, òróró lẹ jókòó tì, tẹ́ ẹ̀ ń dà!"

Màmá kò bínú. Wọ́n ń ká etí ìró wọn, wọ́n ń tú u.

"Ohun tí Bàbá sọ fún mi nìyẹn nígbà náà," ni wọ́n wí. "Ibà ló ń ṣe Ayọ̀midọ̀tun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e jókòó sí ilé àdúrà, tí mò ń fi òróró pa á lára. Ọjọ́ kẹrin ni mo gbé e dé ọsibítù."

Ojú tì mí débi pé n kò lè wò wọ́n. Mo tọrọ àforíjì, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, wọ́n sì bá ọkọ̀ lọ.

Mo fi sípíríìtì fọ káàdì náà, mo fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ ha ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Igbe kan náà ló tún ké. Mo wá irú rẹ̀ kiri Ìkàrẹ́, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó di ọjọ́ kẹrin, tí wọ́n ti ń fa omi sí Tíṣà lára, ni mo rí ọ̀kan nínú pàǹtírí ilé ìtẹ̀wé kan tó ti kógbá sílé ní Ọ̀bà. Mo tì í bọ inú ẹ̀rọ. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré. Àwòrán yọ, àmọ́ ojú ọmọ náà rí bí ojú òkú, àwọ̀ ewé àti búlúù nìkan, kò sí pupa rárá. Ìdí wáyà mọ́nítọ̀ ni mo wò. Ọ̀kan nínú àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́nu rẹ̀ ti tẹ̀, èyí tó ń gbé àwọ̀ pupa kọjá gan-an. Mo rọra nà án. Pupa wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà, ó ń wò mí, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo sunkún níbẹ̀, èmi tí n kì í sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí Òkà. A tan jẹnẹrétọ̀. Bí ojú ẹ̀rọ ṣe mọ́lẹ̀ báyìí, Tíṣà gbé orí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ayọ̀midọ̀tun, o jí ire bí?"

Inú mi dùn ju ohun tí mo lè sọ lọ. Mo wo Màmá, omi ń dà lójú wọn, wọ́n gbé abọ́ ògì dání. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn. Tíṣà wò wọ́n bí ẹni wo àlejò, wọ́n ní kí Màmá tẹ etí sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá ọmọ yìí ń bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ ilé yìí. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá sì fọwọ́ dá mi dúró.

"Mo ti gbọ́, sà," ni wọ́n wí. "A ò ní jẹ́ kó wọlé."

Tíṣà bá la ẹnu. Màmá fún wọn ní ògì, síbí kan tẹ̀ lé òmíràn, títí abọ́ fi gbẹ.