Ìbéèrè Tí Ọ̀gá Pa Rẹ́

Kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ géèmù kan tó wọlé láàárọ̀, lọ́fínńdà rẹ̀ á ti kí gbogbo ènìyàn tán. Nínú géèmù wọn, tí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ń gbá pọ̀ láti ilé oníkálukú, Aláyélúwà ni ó sọ ara rẹ̀, adé rẹ̀ sì ga ju ilé lọ.

Àǹtí Kóòdù, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ló kọ egbé géèmù náà, ìyẹn kóòdù tí ń gbé ènìyàn láti orí òkè dé etí òkun kí ó tó ṣẹ́jú. Òfin kan ló fi sí i: egbé kì í gbé ẹnikẹ́ni láìbi í léèrè. Àpótí kékeré á kọ́kọ́ yọ: "Ṣé kí n gbé ọ lọ?" Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Rárá.

"Yọ ìbéèrè yẹn," ni ọ̀gá wí. "Àlejò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bí mo bá ti wọ inú géèmù, kí egbé kó gbogbo ìlú wá síwájú ààfin láti kí mi."

"Ẹni tó ń jagun lọ́wọ́ ńkọ́, sà?"

"Ọba pè ọ́, o ní ò ń jagun?"

"Ẹ má bínú, sà. N ò ní yọ ọ́."

Ayàwòrán tó jókòó tì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Àǹtí Kóòdù fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

"Ṣé o mọ̀ pé mo lè lé ọ lọ lónìí?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi kọ́ ni wọ́n á fi wọ́ ènìyàn bí ewúrẹ́."

"Wò ó, kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti mọ kóòdù. Di ẹrù rẹ. Bí àlejò bá lọ, ìwọ náà á lọ."

Ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ìbéèrè rẹ́, ó kọ ibi tí gbogbo wọn máa balẹ̀ sí.

"Sà, ojú kan ṣoṣo lẹ kọ fún gbogbo wọn, ibẹ̀ náà lẹ sì..."

"Dákẹ́!"

Àlejò dé. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì, gbogbo ojú wà lára tẹlifíṣàn ńlá ara ògiri. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn já lé ojú kan pàá, orí ẹnìkan nínú ikùn ẹlòmíràn. Géèmù kì í jẹ́ kí ara méjì gba àyè kan. Ó tì wọ́n, wọ́n ti ara wọn, Aláyélúwà tó wà láàárín sì ta sókè bí ìdérí ìgò. Ó kọjá òrùlé, ó kọjá ìkùukùu. Adé nìkan ló padà wálẹ̀.

"Ta ló jí mi gbé lójú ogun?" ni ẹnìkan kọ sínú géèmù.

Àlejò kan rọra béèrè pé, "Ṣé òkè yẹn ni ààfin yín wà ni?"

Ọ̀gá yíjú sí Àǹtí Kóòdù. "Àǹtí, jọ̀ọ́, sọ mí kalẹ̀!"

Àǹtí Kóòdù dá kóòdù tirẹ̀ padà. Níwájú gbogbo àlejò, àpótí kékeré yọ: "Ṣé kí n gbé ọ lọ?"

"Kí lèyí?"

"Ìbéèrè ni, sà. Bí ẹ ò bá dáhùn, kò ní gbé yín."

Ọ̀gá tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí àlejò lọ, Àǹtí Kóòdù gbé báàgì kọ́ èjìká. "Ẹrù mi ti dì, sà. Ṣé kí n máa lọ?"

"Rárá," ni ọ̀gá wí, tó tẹjú mọ́ tábìlì. "Jókòó."

"Ìbéèrè náà ńkọ́?"

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Nínú géèmù, ẹnìkan ti gbé adé nílẹ̀, ó dé e, ó sì padà sójú ogun rẹ̀.