Ọjọ́ Tí Pápá Ọ̀bọ̀kún Léfòó Lọ

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá, ẹ bi í pé ṣé ó ti gbá a lórí omi rí. Bó bá ní rárá, ẹ ní kó lọ jókòó. Èmi Jọọlá tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti gbá a lórí omi, mo ti gbá a nínú kùrukùru tí mi ò rí ọwọ́ ara mi, mo sì ti ju bọ́ọ̀lù sókè rí, tó jẹ́ pé ìyá mi ro púpùrù, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ àwo, kí bọ́ọ̀lù náà tó rántí pé òun nílé.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ ṣáà bi èyíkéyìí nínú ará Ugbonla, ìlú wa orí omi, tó bá ti hu irùngbọ̀n.

Bùrọ̀dá Kọ́lájọ ló kó ọ̀rọ̀ náà dé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kọ́ńpìnì epo ló gbé e wá, àwọn tí iná gáàsì wọn ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru, tí ojú ọ̀run wa fi máa ń pọ́n bí ẹni da epo sí i. Ó ga, àmọ́ ẹ̀rù omi ń bà á. Bó bá wọ ọkọ̀, á dijú títí a ó fi gúnlẹ̀. Kò rí ilẹ̀ tó máa fi sáré, ló bá ní ká kan pákó sórí òpó fún òun, ká wá nǹkan tó jọ apẹ̀rẹ̀ gbé kọ́ sí ìkangun méjèèjì. Kí la ní? Ìgèrè tá a fi ń pẹja ni. A gé ìdí ìgèrè méjì, a gbé wọn kọ́.

Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ bá àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì gbá a, a já bọ́ọ̀lù gbà, a rọ́ ọ sínú ìgèrè tiwa. Gbogbo ìlú hó. A tún rọ́ òmíì sí i. Kọ́lájọ di orí mú.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, tiyín kọ́ nìyẹn! Inú tiwọn lẹ máa jù ú sí!"

Àǹtí Tabitha tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tẹ́nu ẹ̀ mú ju abẹ lọ, ló dá a lóhùn: "Bùrọ̀dá Kọ́lájọ, ṣé nílé tiyín, ẹ máa ń pẹja tán, kẹ́ ẹ wá lọ kó o sínú ìgèrè aládùúgbò?"

Ó pẹ́ kó tó yé àwa náà pé eré kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ẹni tó bá kó ẹja fún ọ̀tá jù ló ń borí.

Nígbà tó wá yé wa tán, ẹ gbà mí! Kọ́ńpìnì rán aṣọ búlúù fún wa, wọ́n fi orúkọ ẹja sọ wá ní Ọ̀bọ̀kún, wọ́n fi wá sínú líìgì àwọn tó ń fi eré jẹun, wọ́n ń sanwó oṣù fún wa bí ọ̀gá ilé-ìwé. Olówòkéré ọ̀rẹ́ mi ni balógun wa. Bó ṣe ga tó, ẹyẹ òkun máa ń bà lé e léjìká, wọ́n á rò pé òpó ni. Pákó pápá wa ńkọ́? Èyí kú, èyí ń fò. Àwa mọ èyí tó ń gbé bọ́ọ̀lù mì, a mọ èyí tó ń ta èèyàn sókè. Bí Olówòkéré bá tẹ èyí tó wà níwájú ìgèrè àwọn àlejò báyìí, pákó á tẹ̀, á nà padà, ó di ojú ọ̀run. Á sì dúró síbẹ̀. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Oríòkè-Ìwàmímọ́, á sọ irú ẹja tó wà nínú ẹ̀ fún wa, kó tó wá rọra gbé bọ́ọ̀lù sínú ìgèrè bí ẹni gbé ọmọ tó sùn sórí ẹní.

Àwọn tó ń ti òkè wá, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, èébì ni wọ́n máa ń bá dé. Bí wọ́n bá wo àlàfo pákó tí wọ́n rí omi tó ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ojú á máa yí wọn. Géńdé kan láti Iléṣà jókòó láàárín eré, ó di pákó mú, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Ẹnì kankan ò nà wá nílé rí. Bá a bá sì ti ìrìn-àjò dé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú á wa ọkọ̀ wá pàdé wa. Omi á pa rọ́rọ́ bíi dígí, iná gáàsì á wọ inú ẹ̀ lọ, á wá dà bíi pé ojú ọ̀run méjì la gba àárín wọn kọjá. Lásìkò yẹn, màá ti gbàgbé pé mo lẹ́sẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í wò wá: Bàbá Fágbèmí, bàbá Olówòkéré. Bí eré bá ń lọ, á kọ ẹ̀yìn sí pápá, á máa tún àwọ̀n ṣe. "Ọmọ mi ń fò," lá máa wí, "ẹja ò kúkú fò wọ ọkọ̀ mi." Òun àti ọmọ ẹ̀ ti jọ sọ ọ́: bí wọ́n bá ṣì ń sanwó fún un pé kó máa fò, kó máa fò. Ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, kó padà wá jókòó sí àyè ẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá ẹ̀. Olówòkéré gbà, torí kò rò pé ọjọ́ náà ń bọ̀.

Ọjọ́ náà dé. Kọ́lájọ kó gbogbo wa jọ, ojú ẹ̀ wú.

"Kọ́ńpìnì fẹ́ pa wá tì," ó ní. "Eré kan ló kù, àwa àti Akúrẹ́, níbí yìí. Bẹ́ ẹ bá nà wọ́n, ife dọwọ́ wa, wọ́n á tún gbé wa lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ ẹ ò bá nà wọ́n, ó parí nìyẹn."

Olówòkéré wo ẹ̀yìn bàbá ẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. "Jọọlá," ó ní, "bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, mi ò tún ní gòkè mọ́ o."

"Ta ló ní kó o sọ̀ kalẹ̀? Dúró sókè níbẹ̀. A ó máa gbé oúnjẹ wá bá ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú ẹ̀.

Ọjọ́ eré, kùrukùru bo gbogbo ayé. Òkun kún bí kò ṣe kún rí. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí omi ti ń yọjú láti àlàfo pákó. Rẹfirí, ará òkè, gbé bàtà ẹ̀ sókè. "Bí omi bá fi lè gun orí pápá yìí, Akúrẹ́ ni mo máa fún ní ife o."

Kò mọ ibi tó wà ni. Níbi tiwa, bí òkun bá fẹ́ gba ilé ẹni, a kì í bá a jà. À á ti ọkọ̀ bọ abẹ́ ilé náà, omi fúnra ẹ̀ á gbé e, a ó wà á lọ síbi tó sàn.

"Ẹ̀yin ọkùnrin Ugbonla!" Àǹtí Tabitha ló kígbe. "Ṣé ìran lẹ wá wò ni? Ẹ gbé ọkọ̀ wá!"

Ọkọ̀ tú jáde. Wọ́n tì wọ́n bọ abẹ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ọmọdé ṣe ń sùn lórí ẹní kan. Wọ́n so pákó mọ́ ọkọ̀, wọ́n so ọkọ̀ mọ́ òpó. Bàbá Fágbèmí náà gbé tiẹ̀ wá. Kò wojú ẹnikẹ́ni. Omi kún sí i. Pápá rọra kúrò lórí òpó, ó mí kanlẹ̀, ó léfòó. Rẹfirí fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó gbẹ. Ó fọn fèrè.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ là yé yín. Bí omi bá ń kún, okùn kúkúrú ló ń ri ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níbi okùn ọkọ̀, tiẹ̀ ni o, ti ẹlòmíì ni o, á fi dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. A kì í rò ó. Ọwọ́ ló ń dá a ṣe, bí ọwọ́ ṣe ń lé eṣinṣin. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìlú ló wà lórí afárá pákó tó yí pápá ká. Ẹni tó ń wá ibi tó ti máa rí eré dáadáa kọjá, ó dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń lọ tọ̀, ó dẹ̀ ẹ́. Àǹtí Tabitha dẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó rùn fún ẹja. Bàbá Fágbèmí dẹ̀ ẹ́, mo fojú mi rí i, ibòmíì ló sì ń wò. Ẹnì kankan ò tú okùn. A kàn ń dẹ̀ ẹ́ ni, títí okùn fi yọ́ kúrò lára òpó.

Ìgbà tí màá gbójú sókè, ilé Àǹtí Tabitha ti ń lọ.

"Olówòkéré! Ìlú ń lọ o!"

"Jẹ́ kó máa lọ. Ju bọ́ọ̀lù fún mi jàre."

Ni kùrukùru bá bo àwọn tó wà lórí afárá, ariwo wọn kú díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku àwa, Akúrẹ́, Kọ́lájọ tó ti dijú, àti rẹfirí. A ń gbá a, a ń lọ. Kùrukùru á ṣí, á tún pa dé. Ìyá arúgbó kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà ilé kan tí mi ò rí rí, ó ní "Ẹ kú eré o," a dá a lóhùn, a ò dúró. Ẹyẹ funfun bà lé ẹnu ìgèrè, ó ń wò wá. Nígbà tó yá, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Ayétòrò bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, àfi bíi pé inú ibi tí òkun ti gbé mì ni wọ́n ti ń lù ú. Ẹ̀rù ò ba àwọn ọmọ Akúrẹ́ mọ́. Ẹsẹ̀ lórí pákó nìkan là ń gbọ́, àti omi tó ń lá ìdí ọkọ̀. Rẹfirí gbàgbé fèrè sẹ́nu. Bó bá mí, fèrè náà á mí.

Akúrẹ́ fi ẹyọ kan jù wá lọ. Rẹfirí wo aago ẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ mi, kùrukùru sì ti gbé Olówòkéré lọ. Mi ò rí i. Mo jù ú síbi tó yẹ kó wà.

A gbọ́ pákó tó tẹ̀. A gbọ́ tó nà. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Gbogbo wa gbójú sókè, àwa àti Akúrẹ́. Ó pẹ́, ẹ má dá mi lóhùn, ó pẹ́. Bọ́ọ̀lù bọ́ láti ìdí ìgèrè, ó yí wá sí ẹsẹ̀ mi. Olówòkéré ò tíì dé. Ìgbà tó wá sọ̀ kalẹ̀, irun orí ẹ̀ ti tutù.

A ti borí! À ń fò mọ́ra wa nìyẹn tí pápá fi forí sọ gbòǹgbò igi létí ẹrọ̀fọ̀ kan, tó dúró.

Rẹfirí nu ojú ẹ̀. "Níbo nìyí?"

Mo wo ẹrọ̀fọ̀, mo wo gbòǹgbò; mi ò débẹ̀ rí.

"Òfin ni pé pápá kì í rìn," ó ní. "Ugbonla la ti bẹ̀rẹ̀. Ibí kì í ṣe Ugbonla."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Kọ́lájọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "pápá kan náà mà ni! Pákó kan ò yẹ̀!"

Ó fún Akúrẹ́ ní ife. Àwọn ọmọ Akúrẹ́ fúnra wọn ò lè yọ̀; wọ́n ń bọ̀ wá lọ́wọ́ bí ẹni wá kí ọlọ́fọ̀.

Kò pẹ́ tí kọ́ńpìnì fi kó ẹrù. Kọ́lájọ bá wọn lọ. Àwọn tó ni pákó gbé òòlù wá, kálukú tú tiẹ̀ lọ. Àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Bàbá Fágbèmí mọ̀ọ́mọ̀ dẹ okùn yẹn ni, kó lè rí ọmọ ẹ̀ gbà padà. Olówòkéré gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí bàbá ẹ̀ tó pè é, ó ti wà nínú ọkọ̀, ó jókòó sí àyè ẹ̀. Èmi náà wọlé sẹ́yìn ẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò bọ́ mi mọ́. Bàbá Fágbèmí dé, ó wò wá, ó ti ọkọ̀ sómi. A wà á, a wà á, títí a ò fi rí ilé mọ́. Ni bàbá bá gbé àjẹ̀ ẹ̀ lé itan.

"Olówòkéré."

"Bàbá mi."

"Kùrukùru yẹn ni ò jẹ́ kí n rí i. Mo dúró lórí afárá, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín títí ó fi lọ pátápátá." Ó fọwọ́ nu omi lára àjẹ̀. "Wọ́n ní èyí tó o fò gbẹ̀yìn yẹn dáa. Báwo lo ṣe ṣe é?"

Olówòkéré wò ó lọ títí. Lẹ́yìn náà, ó gbé àjẹ̀ tiẹ̀ sílẹ̀, ó rọra dìde nínú ọkọ̀ kékeré yẹn, ọkọ̀ mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Bàbá ẹ̀ ya ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀.

"Ibí ni Jọọlá wà," Olówòkéré ní, "mi ò rí i. Èmi sì wà báyìí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè.

"Na ara dáadáa," bàbá ẹ̀ wí. "Ọkọ̀ ò ní dà."